Ta Ló Rán Ọ Pé Kí O Buwọ́ Lùwé fún Wọn?

Ìwọ tí o kọ̀wé láti Kàbà, lẹ́tà rẹ gùn, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ṣoṣo ló mú mi mú bírò. O ròyìn ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù l'Ékòó tó gba orin mẹ́jọ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì yín, tí kò gbé ẹyọ kan jáde. O ròyìn máńẹ́jà tí kì í gbé fóònù mọ́, onígìtá kejì tó ti di tíṣà n'Ísánlú, àti onílù yín tó ti padà sóko kajú bàbá rẹ̀ ní Ìyàrà, tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. O wá ń bi mí bóyá o lè kó àwọn ọmọ tuntun jọ, kí ẹ máa fi orúkọ ẹgbẹ́ náà ṣeré lọ. Àárín gbogbo èyí lo ti sọ pé: "Èmi ni mo buwọ́ lùwé fún gbogbo wa, torí àwọn yòókù wà nílé, àyè ò sì sí." Lo bá kọjá síbòmíràn.

Èmi ò ní kọjá. Ta ló rán ọ? Kàbà sí Èkó jìn lóòótọ́, ṣé fóònù ò sí ni? O ò lè ya fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí o fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp? Ẹni tó ní kí o buwọ́ lùwé kí o tó dìde lórí àga, kò fẹ́ kí ẹ kà á ni. Ìwọ náà sì jẹ́wọ́ pé o kò tíì kà á parí títí dòní! Iṣẹ́ èèyàn márùn-ún lo gbé lé àjèjì lọ́wọ́.

Inú ń bí mi torí kì í ṣe ìwọ nìkan. Káàkiri ilẹ̀ Òkun, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ni irú lẹ́tà yìí ti ń wá: ẹgbẹ́ tú, gbogbo wọn dá ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù lẹ́bi, kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ bí ìwé ṣe di bíbuwọ́lù.

Ṣé o mọ Badfinger? Swansea, nílẹ̀ Wales, ni ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì náà ti bẹ̀rẹ̀, ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Apple tí àwọn Beatles dá sílẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà wọ́n. Orin kan tí méjì nínú wọn kọ, olórin Amẹ́ríkà kan, Harry Nilsson, tún un kọ, ó sì gba ipò kìn-ín-ní l'Ámẹ́ríkà ní 1972. Síbẹ̀, wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ fún máńẹ́jà kan, Stan Polley. Nígbà tí Warner Bros., ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tí wọ́n bọ́ sí lẹ́yìn Apple, ò rí owó tó yẹ kó wà ní ìpamọ́, ó gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́, ó sì kó àwo wọn kúrò lọ́jà. Ní oṣù kẹrin 1975, Pete Ham, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó kọ orin yẹn, gba ẹ̀mí ara rẹ̀, oyún sì wà nínú obìnrin rẹ̀. Tom Evans, tí wọ́n jọ kọ orin yẹn, ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1983.

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ onílù ni kí o kọ́kọ́ lọ. Lọ fúnra rẹ, mú ìwé náà dání, kí bàbá rẹ̀ jókòó tì yín. Sọ iye tí wọ́n kà fún ọ l'Ékòó, àti bí ẹ ṣe pín in. O ò kọ ìyẹn sí mi. Owó àsansílẹ̀ yẹn, gbèsè ni. Inú owó orin ni wọn yóò ti yọ ọ́ kí ẹ tó fojú kan kọ́bọ̀.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ jọ wá lọ́yà, kì í ṣe èyí tí máńẹ́jà mọ̀. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ (copyright) 2022 nílẹ̀ wa sọ pé inú ìwé lèèyàn ti ń gbé ẹ̀tọ́ orin rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àwọn mẹ́rin yòókù ò buwọ́ lu nǹkan kan. Bí wọn ò bá rán ọ, ó ṣeé ṣe kí orin tí wọ́n kọ ṣì jẹ́ tiwọn. Ìdí nìyí tí lọ́yà náà yóò fi bi ọ́ ní ohun tí mo bi ọ́. Má purọ́ fún un.

Ní ti orúkọ ẹgbẹ́ tí o bèèrè, ẹ̀yin márùn-ún lẹ jọ sọ ọ́. Fi sílẹ̀ títí àwọn mẹ́rin yóò fi dá ọ lóhùn.