Imú dídí láti oṣù mẹ́rin: ṣé fítámì D ló kù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹja ni mò ń yan tà l'Ẹ̀pẹ́. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí imú mi ti ń dí, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ro mí, n ò sì gbóòórùn ọbẹ̀ mọ́. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, fítámì D mi jẹ́ 14. Aládùúgbò mi ní kí n máa lo oníkóró 50,000 lójoojúmọ́, pé imú á là. Ṣé kí n lò ó?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́ màmá, ẹ má lò ó bẹ́ẹ̀. 14 kéré lóòótọ́. Bó bá jẹ́ ng/mL ni wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun tí kò bá tó 20 ni ọ̀pọ̀ dókítà ń pè ní àìtó.

Àwọn olùwádìí ti rí i léraléra pé fítámì D máa ń kéré lára àwọn tí àìsàn sáínọ́sì (àwọn ihò inú egungun ojú tó yí imú ká) ti di bárakú fún, pàápàá àwọn tí ẹran hù sí nínú imú. Ṣùgbọ́n pé a bá méjèèjì lára ẹnì kan kò sọ pé ọ̀kan ló fa èkejì: ẹni tára rẹ̀ kò yá lè máà jáde sóòrùn. Ẹ tọ́jú àìtó náà, àmọ́ ẹ má fi rọ́pò ìtọ́jú imú.

Dókítà a máa kọ 50,000 yẹn (IU ni, ìwọ̀n tí a fi ń ka fítámì D) fúnni, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹni tó bá ń gbé e mì lójoojúmọ́, kálísíọ́ọ̀mù á pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: èébì, òùngbẹ, àìlèyàgbẹ́, òkúta inú kídìnrín. Ṣawa àti pupa ẹyin ní fítámì náà nínú.

Èéfín ààrò gan-an ló ń kọ wá lóminú jù. Ẹ dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, kí èéfín máa bá iwájú lọ.

Kí ẹ sì máa fọ imú lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ se omi kó hó fún ìṣẹ́jú kan, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ má lo omi kànga tí a kò sè. Ìlàjì ṣíbí ìpotíì iyọ̀ ni kẹ́ ẹ pò mọ́ ife omi kan, ìyẹn 250 mìlílítà. Ẹ tẹ̀ síwájú lórí bàsíà, kẹ́ ẹ dorí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kẹ́ ẹ fi ìgò rọ́bà tẹ omi sí ihò imú tó wà lókè, kẹ́ ẹ máa fẹnu mí. Bó bá ń ta yín, iyọ̀ ti pọ̀ jù tàbí kò tó.

Ẹ ṣọ́ra fún oògùn ẹ̀kán tó ń là imú lójú ẹsẹ̀: bí ó bá kọjá ọjọ́ márùn-ún, imú á tún dí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yín ti kọjá ọ̀sẹ̀ 12, ó ti di ti dókítà etí, imú àti ọ̀fun, kó lè yẹ inú imú wò bóyá ẹran ti hù síbẹ̀. Bí ojú bá wú tàbí ẹ ń rí nǹkan ní méjì-méjì, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ dé ọsibítù.