Ṣé àjàkálẹ̀ àrùn fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti nà wá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà wa. Lásìkò kónílé-ó-gbélé, wọ́n na ẹni tí kò lo ìbòmú ládùúgbò wa, àwọn ará àdúgbò sì ní ó tọ́ sí i, pé bí àrùn bá wọ̀lú, kò sí ẹ̀tọ́ mọ́. Ibà Lassa ò yéé jà ní ìpínlẹ̀ wa. Kí lòfin wí? (Oníṣòwò, Àkúrẹ́)

Ìdáhùn: Láti 2020 ni wọ́n ti ń bi mí ní irú èyí. "Kò sí ẹ̀tọ́ mọ́" yẹn, irọ́ ni, ó sì ń bí mi nínú.

Ẹ ṣí ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sí abala 45. Ó gbà kí ìjọba fi òfin dín àwọn ẹ̀tọ́ kan kù nítorí ìlera ará ìlú, nọ́ńbà wọn sì wà níbẹ̀: 37 (àṣírí ẹni), 38 (ẹ̀sìn), 39 (ọ̀rọ̀ sísọ), 40 (ìpéjọ) àti 41 (ìrìnkèrindò). Márùn-ún péré. Ẹ wá abala 34, tó ní a ò gbọdọ̀ dá ènìyàn lóró tàbí fi àbùkù kàn án. Ẹ ò ní rí i níbẹ̀. Ìjọba lè ti ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, ó lè sé ọ̀nà, ṣùgbọ́n òfin kankan ò gba kí wọ́n fi kòbókò na ọlọ́kadà tàbí kí wọ́n ní kí ìyá àgbà kúnlẹ̀ nínú oòrùn. Ní oṣù kẹrin 2020, àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn agbófinró ti pa ènìyàn 18 nídìí kónílé-ó-gbélé, nígbà tí ẹni tí kòrónà pa ní Nàìjíríà ṣì jẹ́ 12. Ṣé ìyẹn náà tọ́ sí wọn?

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń mú ará àdúgbò pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀rù ẹgba á fi ibà pamọ́ sí yàrá, ibẹ̀ ni yóò ti kó o ran ìyàwó àtọmọ.

Ìyàsọ́tọ̀ yàtọ̀ o. Abala 35(1)(e) gbà kí wọ́n dá ẹni tó ní àrùn tó ń ràn dúró fún ìtọ́jú tàbí láti dáàbò bo ará ìlú. Bí wọ́n bá dá yín dúró ní ilé ìwòsàn ní Ọ̀wọ̀ nítorí Lassa, tàbí tí wọ́n ń yẹ ara yín wò fún ọjọ́ 21 torí ẹ fara kan aláìsàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá. N ò ní gbè yín.

Bí wọ́n bá nà yín, ẹ má bá oníbọn jà lójú títì. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ ilé ìwòsàn ìjọba, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ gba ìwé dókítà. Ẹ ya fọ́tò ọgbẹ́ pẹ̀lú ojú yín. Ẹ kọ aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà ọkọ̀ àti orúkọ tó wà láyà aṣọ wọn. Bí wọ́n bá tì yín mọ́lé lórí ẹ̀sùn, ẹ lè dákẹ́ títí lọ́yà yóò fi dé. Láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ fún yín ní èdè tí ẹ gbọ́. Bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40, bíi ti Àkúrẹ́, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti gbé yín débẹ̀. Owó ìtanràn ojú títì tí kò ti ilé ẹjọ́ wá, ẹ bi wọ́n léèrè òfin tó wà fún un.

Abala 46 ló gbé yín lọ sí ilé ẹjọ́ gíga. Ìlànà 2009 tí ilé ẹjọ́ ń tẹ̀lé ò fi gbèdéke ọjọ́ sí ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, torí náà ẹni tí wọ́n nà ní 2020 ṣì lè lọ. Ẹni tí ò lówó lọ́yà, kó lọ bá Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún aláìní ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹjọ́ kan ò jọ̀kan; ẹ kó ìwé yín fún lọ́yà kó wò ó kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun ní tẹ́ṣàn.