Ṣé a lè máa gbé ilé ẹni tó jẹ wá lówó láìsan owó ilé?

ÌBÉÈRÈ: Ààfáà wa, àsàlámù alaykum. Ọ̀yẹ́-Èkìtì ni mo ń gbé. Onílé kan ń kọ́ ilé tí àwọn ọmọ yunifásítì yóò máa háyà, owó páànù wá tán lọ́wọ́ rẹ̀. Mo yá a ní 800,000 náírà. A jọ ṣàdéhùn pé kí n máa gbé yàrá méjì nínú ilé rẹ̀ mìíràn láìsan owó ilé, títí yóò fi dá gbogbo owó mi padà. Ó ti pé ọdún méjì. Ààfáà kan ní ìdógò ni, kò léèwọ̀. Òmíràn ní èlé ni. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

ÌDÁHÙN: Waalaykumu salaam. Arákùnrin mi, èlé ni.

Owó háyà tí ayálégbé bá san ti di ti onílé. Owó tìrẹ ń bọ̀ wá bá ọ pé pérépéré, kọ́bọ̀ kò dín. Yàrá tí ò ń sùn sí wá jẹ́ kí ni? Ohun tó gorí owó ni.

Mo mọ ibi tí ààfáà àkọ́kọ́ ti mú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bukhārī tó ṣàkójọ hadīsì gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Abū Hurayrah, sàhábé Ànábì, pé ẹran tí wọ́n fi dógò, ẹni tó ń bọ́ ọ lè gùn ún, ó sì lè mu wàrà rẹ̀, nítorí oúnjẹ tó ń fún un. Ṣé ilé ń jẹ koríko ni? Ní mázìhabù (ìlànà òfin ẹ̀sìn) Imāmu Mālik tí àwa ń tẹ̀lé, bó bá jẹ́ gbèsè ọjà tí wọ́n rà láwìn, wọ́n lè ṣàdéhùn pé kí olówó lo ohun ìdógò fún àkókò tí wọ́n dá. Lórí owó àyálò, kò sí àyè rẹ̀ rárá. Ibẹ̀ ni ààfáà àkọ́kọ́ yẹn ti ṣìnà, kó padà sídìí ìwé.

Wọ́n á ní, "Àwọn méjèèjì ló fẹ́ ẹ." Abdullāh ọmọ Salām, sàhábé Ànábì, sọ fún Abū Burdah pé ilẹ̀ tí èlé gbilẹ̀ sí lo wà, bí ẹni tó jẹ ọ́ lówó bá gbé ẹrù koríko gbígbẹ fún ọ, má gbà á, èlé ni. Ẹrù koríko o! Ìwọ gba yàrá méjì, fún ọdún méjì.

Ó ń dùn mí nítorí ó ti pẹ́ láàárín wa. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi oko kòkó dógò: olówó á máa ká kòkó lọ́dọọdún, gbèsè kò ní dín, ọmọ onígbèsè á dàgbà bá a nílẹ̀.

Lọ béèrè iye tí wọ́n ń san lórí irú yàrá méjì bẹ́ẹ̀ ládùúgbò yín. Bó bá jẹ́ 150,000 lọ́dún, 300,000 ti wọlé fún ọ, 500,000 ló kù tó jẹ ọ́. Bó o bá ṣì fẹ́ máa gbé ibẹ̀, san owó ilé bí àwọn ayálégbé yòókù, má so ó mọ́ gbèsè. Ẹni tí onílé bá tún bẹ̀ fún owó, dípò kó yá a, kó san owó ilé ọdún mẹ́ta sílẹ̀. Bí onílé tilẹ̀ dín in fún un, háyà ni, kò sí aburú.

Ya ìwé àdéhùn yẹn. Kí ẹ kọ òmíràn fún 500,000 náà, pẹ̀lú ọjọ́ tí yóò san án, níwájú ẹlẹ́rìí méjì. Bí ọjọ́ náà bá pé tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dẹ̀, fún un láàyè sí i. Allāhu ló mọ̀ jù.