VeraCrypt lórí kíbọ́ọ̀dù Faransé: ohun tí ojú mi rí

Àbúrò mi ará Kétu, o ní o fẹ́ fi VeraCrypt, ètò tó ń fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti dísìkì pa, ti gbogbo dísìkì Windows rẹ, bó o ṣe dé ibi ọ̀rọ̀ aṣínà, ó ní òun ti yí kíbọ́ọ̀dù rẹ sí ti Amẹ́ríkà, o wá ń bẹ̀rù pé fáírọ́ọ̀sì ni. Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì o. Níbi tó ti máa ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà kí Windows tó dìde, kíbọ́ọ̀dù Amẹ́ríkà nìkan ló mọ̀. Ohun tí wọ́n kọ sórí bọ́tìnì kò kàn án, ojú ibi tí bọ́tìnì wà ló ń wò.

Èmi ò ka ìkìlọ̀ yẹn. "Suivant, Suivant" (ìyẹn "ó kàn, ó kàn") ni mo ń tẹ̀ lọ. Ó sì ń ṣí fún mi láìjanpata, torí kíbọ́ọ̀dù kan náà ni mò ń lò, àfi ọjọ́ tí ọmọ mi da ògì gbígbóná sórí laptop. Ìdajì bọ́tìnì kú. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ná Ìdíròkọ́ bá mi ra kíbọ́ọ̀dù USB bọ̀ wá sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), QWERTY ti àwọn ará Nàìjíríà, tí lẹ́tà rẹ̀ tò bíi ti Amẹ́ríkà. Mo so ó mọ́ ẹ̀rọ, mo tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà, ó ní kì í ṣe òun. Mo tún un tẹ̀ títí ìka fi ń ro mí. Ìṣirò owó àwọn oníbàárà mi ní Ouando wà nínú ẹ̀, ìparí oṣù sì ni! Mo sáré mú Rescue Disk, dísìkì ìgbàlà tí VeraCrypt máa ń ní kéèyàn ṣe, òun náà tún béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà. Ìgbà tí ibi tí ẹ̀rọ ti ń gbéra bá bàjẹ́ ló wúlò, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ àpamọ́.

Ọjọ́ kejì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé F5 máa ń jẹ́ kí lẹ́tà téèyàn tẹ̀ hàn. Bọ́tìnì A ṣì ń ṣiṣẹ́ lára kíbọ́ọ̀dù ológì. Mo tẹ A, q ló jáde. Ẹ̀rín pa mí. "amala" tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà mi, q;qlq ló ti ń jẹ́ láti ọjọ́ yìí wá.

Nítorí náà, sá fún A, Q, Z, W àti M. Sá fún nọ́ḿbà pẹ̀lú, torí kíbọ́ọ̀dù Faransé tiwa ń fẹ́ Shift, ti Amẹ́ríkà ò fẹ́. Lẹ́tà tó kù ò kúrò lójú kan. Àmì ohùn? Gbàgbé ẹ̀, kò gbà á. Kó gùn tó lẹ́tà 20, ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ò bára tan. Èdè wa fẹ́ràn A lóòótọ́, àmọ́ elubo, ejo, iroko, ileke ṣì wà (má lo tèmi o).

Kọ́kọ́ da àwọn fáìlì rẹ sórí dísìkì mìíràn. VeraCrypt máa tún ẹ̀rọ tàn láti dán an wò kó tó ti ohunkóhun. Yá kíbọ́ọ̀dù QWERTY lọ́wọ́ ẹnì kan, fi kíbọ́ọ̀dù tìrẹ tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà lẹ́ẹ̀kan, fi QWERTY yẹn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí ọ̀kan bá kọ̀, tẹ Esc, Windows á dìde bó ṣe wà, kó o lọ yan ọ̀rọ̀ mìíràn.