Ológbò tí àwọn ìbejì rí ní Ìbarà

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Birmingham là ń gbé, ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá la ti wà ní Abẹ́òkúta lọ́dọ̀ màmá mi ní Ìbarà. Àwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún 10, rí ológbò kan lẹ́yìn ilé. Irun rẹ̀ gùn, ìrù rẹ̀ kún bí ìgbálẹ̀, àmì M sì wà níwájú orí rẹ̀. Wọ́n ti fi fóònù yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní Maine Coon ni, ẹ̀yà ológbò òyìnbó kan, pé àfi ká gbé e padà sí ìlú òyìnbó. Ṣé òótọ́ ni? Èmi Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrìnàjò o. Ẹ bá mi kí Màmá. Kí n tó dá yín lóhùn: ṣé ológbò yẹn ti gé ìkankan nínú wọn jẹ? Ẹ má kàn bi wọ́n lẹ́nu nìkan. Ẹ wo ọwọ́ wọn.

Ti ẹ̀yà kò le. Àmì M yẹn wà lórí gbogbo ológbò abilà, títí kan èyí tó ń sùn lábẹ́ ìsọ̀ aládìrẹ ní Ìtòkú. Irun gígùn náà, ó lè fara pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá àti bàbá tí irun tiwọn kúrú, kó wá yọ lára ọmọ. Ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà ni Maine Coon ti ṣẹ̀ wá, ìwé tí wọ́n fi ń kọ ìran rẹ̀ sílẹ̀ la sì fi ń mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ìrù. Èyí tí ẹ rí, ológbò ilé ni, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Lọ́dún 2019 àwa náà wá sílé, ní Adátán, lọ́dọ̀ màámi. Ọmọ ọdún 9 ni ọmọbìnrin mi nígbà náà. Ó rí ológbò aláwọ̀ eérú kan lábẹ́ àgbá omi, ó ní ẹ̀yà Russian Blue ni. Ó kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àwọ̀ ewé, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì fà sí àwọ̀ àlùkò. Ojú rí bẹ́ẹ̀. Ó ku àtẹ́lẹsẹ̀. Ó di ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ mú, ó yí i sókè kó lè rí i dáadáa, ológbò sì gé e jẹ ní ìdí àtàǹpàkò.

Ó sáré tọ màámi lọ, tí ń sá láfún lórí ẹní. Òyìnbó nìkan ló wà lẹ́nu ọmọ. Ó ń na ọwọ́, ó ń nàka sí ológbò, ó ń sọ ọ́ ní àsọtúnsọ. Màámi rò pé oúnjẹ ló ń tọrọ fún ẹran náà. Ó wọlé, ó mú orí ẹja gbígbẹ kan jáde, ó fi lé e lọ́wọ́: "Gbà, lọ fún ológìnní rẹ." Ọmọ gba ẹja, ó dákẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, a ń jẹ àmàlà, ó ń fi ọwọ́ òsì bu òkèlè. Màámi bá a wí. Ó wá ki ọwọ́ ọ̀tún bọ ọbẹ̀, ó sì ké. Mo gbé ọwọ́ náà sábẹ́ iná. Ojú egbò méjì tín-tìn-tín ni, bí ibi tí abẹ́rẹ́ ìránṣọ gún, wọ́n ti pa dé, kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan. Ṣùgbọ́n ìdí àtàǹpàkò ti wú, ó ń gbóná. Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní òun sọ fún Gránmà.

A wá ológbò náà títí, a kò rí i. Ká ní a rí i ni, ọjọ́ 10 là bá fi ṣọ́ ọ, ká mọ̀ bóyá ó ní dìgbòlugi. Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ dé kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, ìkejì náà kò ní. Ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀lé e ni ọmọ tó gba ti àkọ́kọ́. Ó gbà á pé. Dókítà ní oṣù 2 sí 3 ni àrùn náà sábà máa ń yọjú, pé ó ṣọ̀wọ́n kó ju ọdún kan lọ. Ọmọ ti di ẹni ọdún 15 báyìí. Síbẹ̀, bí ibà bá mú un tó ní òun kò fẹ́ omi, mo máa ń dìde lóru lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, torí ẹni tí dìgbòlugi bá mú, ẹ̀rù omi ni ń bà á.

Mo mọ ohun tí àwọn kan á sọ: pé a kò kọ́ ọmọ ní Yorùbá. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe nígbà náà, ìyá rẹ̀ ń ṣe ti ọ̀sán. Olùkọ́ kan sì sọ fún wa pé èdè méjì ló ń da ọmọ láàmú, ká mú ẹyọ kan. A gbà á gbọ́. Mo sì mọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ òru bíi tèmi tí ọmọ wọn gbọ́ Yorùbá yékéyéké. "Ó gé mi jẹ." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni kò lè sọ. Títí màámi fi kú ló ń bi mí pé, "Ṣé ohun tó ń wí fún mi nìyẹn?"

Bí ehín ológbò bá ti kan èyíkéyìí nínú wọn, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lónìí. Ẹ má dúró de ọ̀la nítorí pé ojú egbò kéré. Bí kò bá kàn wọ́n, ẹ gbé ológbò náà sínú apẹ̀rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà ẹranko ní FUNAAB, yunifásítì ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ tó wà ní Alábàtà. Ti gbígbé e lọ sí ìlú òyìnbó, ìsinmi yín kò tó o: wọ́n á kọ́kọ́ fi ṣíìpù ìdánimọ̀ sábẹ́ awọ rẹ̀, wọ́n á gún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ó kéré tán ọjọ́ 30 lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, láti ọjọ́ tí wọ́n fà á sì rèé, oṣù 3 ló máa dúró. Ẹni tó bá ti gbé tirẹ̀ kọjá rí á lè sọ ìyókù, èmi kò débẹ̀.

Ṣùgbọ́n lálẹ́ òní, kí wọ́n tó sùn, ẹ pe àwọn méjèèjì síwájú Màmá. Ẹ kọ́ wọn: "Ológìnní gé mi jẹ." Kí wọ́n máa wí i títí Màmá yóò fi ní òun gbọ́.