Fúláàtì wa ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan: kí ni ká ṣe sí i?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. London ni èmi àti ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú ọmọ wa méjì, ní àdúgbò Woolwich. Àjà kẹta ni fúláàtì wa wà, iyàrá méjì àti pálọ̀. Apá àríwá ni fèrèsé pálọ̀ kọjú sí, ilé alájà mẹ́fà kan sì wà ní òdìkejì àgbàlá. Láti oṣù Kẹwàá la ti ń tan iná láàárọ̀ títí di alẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mo fi ń ṣiṣẹ́ láti ilé, lórí tábìlì oúnjẹ. Tó bá fi máa di aago méjì ọ̀sán, oorun á ti máa kùn mí, kò sì ní sí ohun tó ń wù mí ṣe. A ti kun ògiri ní funfun gbòò, mo tún ra dígí ńlá kan, síbẹ̀ kò yàtọ̀. Ní báyìí wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ òpó iná pé wọ́n fẹ́ kọ́ ilé tuntun sí ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Àwọn ọmọ ti mọ ilé ìwé wọn, a ò lè kó. Kí lẹ rí sí i?
Ìyá ọlọ́mọ méjì, Woolwich

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, mà, ẹ sì kú ìfaradà. Ká tó dé orí ọ̀dà àti dígí, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe lọ́sàn-án ọ̀la. Ẹ pa gbogbo iná pálọ̀. Ẹ jókòó sórí àga tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹ wo fèrèsé láì nà, láì tẹ̀ síwájú. Ṣé ẹ rí ojú ọ̀run, bó ti wù kó kéré tó, lókè òrùlé ilé iwájú? Tó bá jẹ́ ògiri nìkan lẹ rí, kò sí ọ̀dà tó lè mú ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ gbé àga náà sún mọ́ fèrèsé díẹ̀, ẹ tún jókòó, ẹ tún wò. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí ojú ọ̀run á fi yọ sí yín, kí ẹ sì lẹ téèpù mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Láti ojú téèpù yẹn dé fèrèsé ni ọ̀sán ń dé nínú ilé yín. Ibẹ̀ ni kí ẹ máa lò lọ́sàn-án, gbogbo nǹkan yòókù ni kó máa wá ibòmíràn lọ.

Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀ rèé. Àwa tí wọ́n bí sílé, oòrùn ni à ń sá fún. Ní Èkó, nínú oṣù Kejìlá pàápàá, oòrùn ọ̀sán gangan ṣì máa ń ga tó dígírì 60 sókè láti ojú ilẹ̀. Ní London lásìkò kan náà, dígírì 15 péré ni, ojúmọmọ ò sì pé wákàtí 8. Nínú oṣù Kẹfà tí oòrùn London ga jù lọ, nǹkan bí dígírì 62 ló ń dé, ìyẹn ni pé ibi tí ti Èkó rẹlẹ̀ dé lóṣù Kejìlá, díẹ̀ ni tiwọn fi ga jù ú lọ nígbà tó dára jù. Oòrùn ìgbà òtútù yìí, apá gúúsù ló máa ń fara pamọ́ sí, ilé kékeré sì tó láti dí i. Fèrèsé tó kọjú sí àríwá kì í rí i rárá láti ìparí oṣù Kẹsàn-án títí di ìparí oṣù Kẹta. Nítorí náà, ẹ má retí oòrùn ní pálọ̀ yẹn. Ojú ọ̀run fúnra rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ yín ti ń wá, àní nígbà tí ìkùukùu bá bò ó pátápátá.

Ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run kì í sì í rìn jìnnà nínú ilé. Ẹ wọn fèrèsé láti ilẹ̀ pálọ̀ dé etí gíláàsì lókè. Ìlọ́po méjì ìwọ̀n yẹn, tàbí díẹ̀ lé, ni ìmọ́lẹ̀ tó wúlò máa ń wọlé dé. Tí etí òkè bá jẹ́ mítà 2.1, mítà 4 sí 5 ni, tí ilé kankan ò bá sì dí i ni mo ń wí. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ fúláàtì tuntun ní London ló gùn wọlé: kíṣìnnì wà lẹ́yìn pátápátá, tábìlì oúnjẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àga ńlá àti tẹlifíṣọ̀n ló gba iwájú fèrèsé. Ohun tó ń dùn mí jù nígbà tí mo bá wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ló ń gba ìmọ́lẹ̀ tó dára jù nínú ilé, èèyàn tó ń fi ojú ṣiṣẹ́ wà ní kọ̀rọ̀. Ẹ pààrọ̀ wọn. Tábìlì yín ni kó bọ́ síwájú, kí fèrèsé wà ní ọwọ́ ọ̀tún tàbí òsì yín. Tó bá wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, á máa ta yín lójú. Tó bá wà lẹ́yìn yín, á máa tàn sójú kọ̀ǹpútà. Àga ńlá àti tẹlifíṣọ̀n lè lọ sẹ́yìn, alẹ́ lẹ kúkú ń lò wọ́n. Tí kọ́bọ́ọ̀dù gíga kan bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀.

Mo mọ ilé wa dáadáa, nítorí náà ẹ jẹ́ ká sọ ti kọ́tìnnì. Kọ́tìnnì olówó iyebíye tó wúwo lọ́tùn-ún lósì, nẹ́ẹ̀tì lábẹ́ rẹ̀, aṣọ mìíràn tí wọ́n ṣẹ́ léraléra sókè fún ẹwà. Bí ẹ tilẹ̀ ṣí i, aṣọ ṣì bo apá tó pọ̀ lára gíláàsì. Irin kọ́tìnnì ni kí ẹ jẹ́ kó gùn kọjá fèrèsé, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 lọ́tùn-ún àti bẹ́ẹ̀ lósì, kó lè jẹ́ pé ara ògiri ni aṣọ máa wà tí ẹ bá ti ṣí i. Aṣọ òkè yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò lónìí, ẹ má wo ẹwà rẹ̀. Apá òkè gíláàsì ló ń rí ojú ọ̀run, òun ló sì ń gbé ìmọ́lẹ̀ wọnú lọ. Tí ẹ ò bá fẹ́ kí ará òdìkejì máa wo inú ilé yín, ìdajì ìsàlẹ̀ nìkan ni kí ẹ ta nẹ́ẹ̀tì sí. Lẹ́yìn náà, ẹ nu gíláàsì tinú tòde. Tí ọwọ́ yín ò bá dé ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ń mójú tó ilé náà, kí ẹ bi wọ́n bóyá fífọ fèrèsé wà nínú owó tí ẹ ń san fún ìtọ́jú ilé lọ́dọọdún.

Ọ̀dà funfun gbòò tí ẹ kùn kò burú, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ àríwá máa ń fà sí búlúù díẹ̀, ìyẹn ló ń sọ funfun di eléèérú lójú. Kíríìmù tó mọ́ dáadáa á dára jù ú lọ. Lára káàdì àwọ̀ tí wọ́n ń fúnni ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà tàbí lórí ìkànnì wọn, ẹ wá nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní LRV. Láti 0 dé 100 ni, ó ń sọ iye ìmọ́lẹ̀ tí àwọ̀ náà ń dá padà. Èyí tó lé ní 75 ni kí ẹ mú. Funfun gbòò yẹn kàn lè dúró sí àjà àti sí ibi tí ògiri ti ṣẹ́ wọ ojú fèrèsé, torí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti kọ́kọ́ ń balẹ̀.

Ti dígí, ó jọ pé ẹ̀yìn pálọ̀ lọ́hùn-ún lẹ gbé e kọ́ sí, kó dojú kọ fèrèsé. Ohun tí dígí bá rí ló ń fi hàn, ògiri ilé iwájú lòun náà sì ń rí níbẹ̀. Ẹ gbé e wá sára ògiri ẹ̀gbẹ́, nítòsí fèrèsé. Kí bàbá àwọn ọmọ dì í mú, kí ẹ̀yin jókòó síbi tí ẹ máa ń wà. Nígbà tí ẹ bá rí ojú ọ̀run nínú rẹ̀ ni kó tó kan ìṣó.

Ohun kan tún wà tí àwọn ayálégbé kì í ronú kàn: ògiri ìta. Ẹ wọ ẹ̀yìn àwọn ilé ńlá tí wọ́n kọ́ sí àárín London ní ìparí sẹ́ńtúrì 19, ẹ óò rí àgbàlá tóóró tí wọ́n fi bíríkì funfun dídán tẹ́ ògiri rẹ̀ látòkè délẹ̀. Kí ìmọ́lẹ̀ lè máa ta láti ògiri dé ògiri títí á fi kan fèrèsé ìsàlẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Ògiri òdìkejì tí ẹ̀ ń wò yẹn, tó bá dúdú, ẹ gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ síbi ìpàdé àwọn olùgbé pé kí wọ́n fún un ní àwọ̀ tó mọ́. Lójú tèmi, ìyẹn níye lórí ju ohunkóhun tí ẹ lè rà sínú pálọ̀ lọ, gbogbo fúláàtì tó wà ní ìhà yín ló sì máa jẹ àǹfààní rẹ̀.

Tó bá kan iná, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé gílóòbù kan ṣoṣo láàárín àjà. Ẹ ra iná tábìlì àti iná onídùúró bíi mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ẹ darí díẹ̀ nínú wọn sí ògiri àti àjà, kó tibẹ̀ tàn padà. Lára páálí gílóòbù LED, lumen, ìyẹn iye ìmọ́lẹ̀ tó ń mú jáde, ni kí ẹ máa wò. Lumen 806 ni gílóòbù àtijọ́ oní-wáàtì 60. Lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ńbà tó ní K, tó ń sọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà (bó bá ṣe kéré tó ló ṣe ń pọ́n tó): 4000K fún ìgbà iṣẹ́, 2700K fún alẹ́. Mo mọ̀ pé àwa fẹ́ràn iná funfun gan-an, èyí tí wọ́n kọ 6500K sí lára. Ní òru, irú iná bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ara mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú, pàápàá ara ọmọdé, nítorí náà ẹ má fi sí iyàrá wọn. Ẹ sì wá èyí tí wọ́n kọ Ra 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí, kí àwọ̀ ara èèyàn àti ti oúnjẹ lè hàn bó ṣe rí.

Oorun ọ̀sán àti àìsí ohun tó ń wù yín ṣe yẹn ni mi ò fẹ́ kí ẹ fojú kékeré wò. Èmi kì í ṣe dókítà, iṣẹ́ ilé yíyà ni mo ń ṣe, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ kan ara bó ṣe kan ilé. Lux ni wọ́n fi ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó níbì kan. Nínú pálọ̀ tí iná wà, lux 100 sí 200 ló sábà máa ń wà. Níta, lọ́sàn-án tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run London, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lux ló ń wà. Kò sí gílóòbù ilé tó lè bá a dọ́gba. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ láti ilé, tí ẹ bá ti sin àwọn ọmọ dé ilé ìwé, ẹ má yára padà. Ẹ rìn gba etí odò Thames fún ìdajì wákàtí. Ọdún 1984 ni dókítà Norman Rosenthal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ̀wé lórí ìrẹ̀wẹ̀sì tó ń bá èèyàn wá lásìkò òtútù, lẹ́yìn náà ni àwọn oníṣègùn wá ń lo àpótí iná oní-lux 10,000, tí èèyàn á jókòó tì fún nǹkan bí ìdajì wákàtí láàárọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ ra ọ̀kan, ẹ kọ́kọ́ bá dókítà yín sọ̀rọ̀, kí ẹ sì yẹ ojú wò, torí àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. Tí ìbànújẹ́ náà bá wúwo, tàbí tí kò bá lọ, ẹ má rò pé àyípadà àga ti tó, ẹ lọ rí dókítà.

Fítámì D ńkọ́? Bí ẹ bá jókòó ti fèrèsé látàárọ̀ dalẹ́, gíláàsì ò ní jẹ́ kí ìtànṣán tó ń pèsè rẹ̀ wọlé. Àwọn NHS, ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba níbí, gba gbogbo ènìyàn nímọ̀ràn láti máa lo máíkírógírámù 10 lójúmọ́ nígbà òtútù, wọ́n sì ní kí àwọn tí awọ ara wọn dúdú rò ó láti lò ó jálẹ̀ ọdún.

Tí ẹ bá fẹ́ ewéko nínú ilé, ọjá ìkookò ni kí ẹ rà, èyí tí ewé rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ilẹ̀ wa ló ti ṣẹ̀ wá, ó ń fara da kọ̀rọ̀, omi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta sì tó o lásìkò òtútù.

Ó kù ìwé tí wọ́n lẹ mọ́ òpó. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Ọjọ́ 21 ni wọ́n sábà máa ń fún aráàlú láti kọ̀wé sí káńsù. Òfin kan wà ní England láti ọdún 1832 tó ní fèrèsé tó bá ti ń gba ìmọ́lẹ̀ fún ọdún 20 láìsí ìdíwọ́ lè ní ẹ̀tọ́ sí i. Tí ọjọ́ orí ilé yín bá tó bẹ́ẹ̀, lọ́yà ni kí ẹ fi hàn. Tí kò bá tó, káńsù ṣì ń wo ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé ilé kíkọ́. Ẹ béèrè fún ìṣirò ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ tí àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé náà fi sílẹ̀. Ìlànà tí wọ́n máa ń tẹ̀ lé ni pé, bí a bá fa ìlà tó tẹ́jú láti àárín fèrèsé ìsàlẹ̀ jù lọ, tí ilé tuntun bá ga ju dígírì 25 lọ sójú ìlà náà, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò tó jinlẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ka fèrèsé tiyín mọ́ ọn. Kí àwọn aládùúgbò yín náà kọ lẹ́tà tiwọn, kí fúláàtì kọ̀ọ̀kan sọ iyàrá tó máa ṣókùnkùn, ẹni tó ń lò ó, àti ohun tó ń lò ó fún.