Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ríṣíìtì kọ́ ni òfin

Ẹ kú ìnáwó, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní fíríìjì tuntun tí ẹ rà ń dún ṣùgbọ́n kò mú omi tutù, oníṣọ́ọ̀bù sì nàka sí ìsàlẹ̀ ríṣíìtì pé owó tó bá ti wọlé kì í jáde mọ́. Ẹ má jẹ́ kó fìyẹn dẹ́rù bà yín. Òfin FCCPA ti ọdún 2018, èyí tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2019, fún yín ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà. Ohun tí oníṣọ́ọ̀bù tẹ̀ sórí bébà rẹ̀ kò lè borí òfin. Àní ó yẹ kí ìjọba fi dandan mú gbogbo ṣọ́ọ̀bù láti lẹ òfin náà mọ́ ògiri, nítorí àìmọ̀ wa ni wọ́n fi ń rẹ́ wa jẹ.

Ẹ̀rí ló ń gba owó, kì í ṣe ariwo. Ẹ má tíì pe ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe ládùúgbò. Tó bá ti lè tú ẹ̀yìn rẹ̀, tó fi gáàsì sí i pẹ́nrẹ́n, oníṣọ́ọ̀bù á ní ẹni náà ló bà á jẹ́, ẹ ò sì ní rí i já nírọ́. Ẹ gbé ife omi sínú rẹ̀ mọ́jú, kí ẹ wá ya fídíò omi náà àti nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn fíríìjì. Bí ríṣíìtì bá kàn kọ "fíríìjì 1" láìsí nọ́ńbà, ẹ tọ́jú páálí àti ẹ̀rí owó tí báńkì fi ránṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé sí wọn, kódà kó jẹ́ lórí WhatsApp: ọjọ́ tí ẹ rà á, iye rẹ̀, àbùkù rẹ̀, ohun tí ẹ fẹ́, kí ẹ sì fún wọn ní ọjọ́ 7. Ìpè fóònù kì í fi nǹkan kan sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi owó náà mú ọjà mìíràn, tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ má gbà.

Bí wọ́n bá dákẹ́, ẹ gbé e lọ sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, tàbí LASCOPA, àjọ irú rẹ̀ ti ìpínlẹ̀ Èkó, bó bá jẹ́ Èkó. Èkó tún ní kóòtù kékeré fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ láti 2018. Wọn ò ní gba ẹjọ́ yín níbẹ̀ bí ẹ kò bá tíì fún oníṣọ́ọ̀bù ní lẹ́tà tó ń béèrè owó yín; ẹ gba fọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù.